Kí a tó béèrè ta ni dírẹ́kítọ̀, ẹ jẹ́ ká béèrè àwọn wo ló wà nínú ìgbìmọ̀

 

Nígbàkigbà tí ìròyìn bá tàn pé iléeṣẹ́ òkèèrè kan fẹ́ bá ìjọba wa dá nǹkan sílẹ̀ lórí ilẹ̀ wa, ìbéèrè méjì là ń gbọ́. Èkíní, èèyàn mélòó ni wọn yóò gbà síṣẹ́? Èkejì, ṣé ọmọ wa ni yóò ṣe dírẹ́kítọ̀? Ìbéèrè gidi ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta wà tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè, òun gan-an ni àwa rò pé ó yẹ kó ṣáájú. Àwọn wo ni yóò jókòó nínú ìgbìmọ̀ alákòóso iléeṣẹ́ náà, èyí tí àwọn oníwèé ń pè ní conseil d'administration? Ta ló rán wọn wá? Bí àwọn tó ni iléeṣẹ́ bá ń jà, ta ni yóò là wọ́n?

Dírẹ́kítọ̀ ló ń bójú tó iṣẹ́ òòjọ́. Ìgbìmọ̀ yẹn ló ń yàn án, òun ló sì lè yọ ọ́. Òun ló ń sọ iye tí wọn yóò ná lọ́dún, ẹ̀rọ tí wọn yóò rà, gbèsè tí wọn yóò jẹ. Nínú iléeṣẹ́ tí ẹnì kan ṣoṣo ni, iṣẹ́ yìí rọrùn, nítorí ohùn kan ló wà. Nínú iléeṣẹ́ àjọni, pàápàá tí àwọn tó ni ín bá ti orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá, olúkúlùkù tó jókòó ló gbé ọ̀rọ̀ ẹni tó rán an wá sínú àpò. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, a ò sì ní lọ jìnnà ká tó rí àpẹẹrẹ rẹ̀.

Ní 1975, ọdún tí orílẹ̀-èdè wa kúrò ní Dahomey tó di Bẹ̀nẹ̀, ìjọba wa àti ti Nàìjíríà fohùn ṣọ̀kan láti jọ dá iléeṣẹ́ ńlá méjì sílẹ̀, méjèèjì lórí ilẹ̀ Yorùbá: ti sìmẹ́ńtì ní Onígbòlò, nítòsí Pọ̀bẹ̀, àti ti ṣúgà ní Ṣábẹ. Ọgbọ́n wà nínú ìmọ̀ràn náà, kò yẹ ká fi ṣe yẹ̀yẹ́. Òkúta tí wọ́n ń lọ̀ fi ṣe sìmẹ́ńtì wà nínú ilẹ̀ Onígbòlò. Owó epo rọ̀bì wà lọ́wọ́ Nàìjíríà. Sìmẹ́ńtì sì ń wu Nàìjíríà nígbà náà débi pé lọ́dún 1975 yẹn kan náà, ọkọ̀ ojú omi tó kó sìmẹ́ńtì tò lọ súà sẹ́nu èbúté Èkó, wọn ò ríbi já ẹrù sí. Ẹni tó ní òkúta bá ẹni tó ní owó àti ọjà pàdé. Kí ló tún kù?

Nínú ìpín 100 tó wà nínú iléeṣẹ́ Onígbòlò, Bẹ̀nẹ̀ mú 51, Nàìjíríà mú 43, iléeṣẹ́ F.L. Smidth ti ilẹ̀ Denmark mú 6. Ẹ wo ìpín yìí dáadáa. Ọ̀pọ̀ èèyàn yóò rí 51 yẹn, wọn yóò ní, "Ó parí, tiwa ni." Lórí ìwé, tiwa ni lóòótọ́: bí wọ́n bá dìbò, àwa la máa borí. Ṣùgbọ́n ìpín 51 kò ra oníbàárà kankan. Sìmẹ́ńtì tí wọ́n fẹ́ máa ṣe níbẹ̀, ìdajì mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù lọ́dún, pọ̀ ju ohun tí Bẹ̀nẹ̀ nìkan lè rà nígbà náà. Ọjà tó kù wà ní òdìkejì bọ́dà, lọ́dọ̀ ẹni tó ní 43. Ẹni tí a fi ìbò borí nínú yàrá ìpàdé, òun náà ló ni kọ́kọ́rọ́ ọ̀nà tí ọjà wa ń gbà jáde.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, àwọn àgbà tó wà ní Pọ̀bẹ̀ ṣì lè sọ ọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 1984, ìjọba ológun Nàìjíríà ti bọ́dà pa nítorí pé wọ́n fẹ́ pààrọ̀ owó náírà, ó sì di ọdún 1986 kí wọ́n tó ṣí i. Ìjọba tó ní ìpín 43 nínú iléeṣẹ́ kan ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ọjà iléeṣẹ́ náà! Ìpẹ̀kun ọdún 1986 yẹn kan náà ni náírà tún bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀. Sìmẹ́ńtì tí a fi sẹ̀ẹ́fà ṣe wá di ohun tó wọ́n gógó fún ẹni tó fẹ́ fi náírà rà á. Kò sí ìgbìmọ̀ alákòóso kankan láyé yìí tó lè dìbò kí náírà má já.

Àwọn kan ń sọ pé ìgbìmọ̀ ò jẹ̀bi nígbà náà, ọ̀rọ̀ ìjọba ni. Àwa ò gbà bẹ́ẹ̀ tán. Òótọ́ ni pé wọn ò lè ṣí bọ́dà. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n fi ẹni tí Nàìjíríà rán wá síbẹ̀ ṣe? Yorùbá ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹni tí a rán sínú ìgbìmọ̀ iléeṣẹ́ àjọni, ìrìnàjò méjì ló ní. Ó gbé ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ̀ wá sínú ìpàdé, ìyẹn ni gbogbo ayé mọ̀. Ìrìnàjò kejì ni pé kó gbé ọ̀rọ̀ iléeṣẹ́ padà lọ bá ọ̀gá rẹ̀, kó kúnlẹ̀ síbẹ̀, kó ní, "Ẹ dákun, iléeṣẹ́ tiyín náà lẹ fẹ́ pa yìí." Bí ẹni tí wọ́n rán bá jẹ́ òṣìṣẹ́ kékeré kan tí mínísítà kì í gbé fóònù rẹ̀, ìrìnàjò kejì yìí kò lè ṣeé ṣe. Bó bá sì jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí ìjọba yí padà ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀, kò ní tíì mọ orúkọ ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ tí wọn yóò fi ní kó máa lọ. Ẹ ka iye ìjọba tó jẹ ní Nàìjíríà láti 1975 sí 1985: Gowon, Murtala, Ọbásanjọ́, Shagari, Buhari, Babangida. Lápá tiwa, Kérékou nìkan ni.

Ẹ jẹ́ ká tún fi ojú kan wo F.L. Smidth yẹn. Iṣẹ́ iléeṣẹ́ yìí káàkiri ayé nígbà náà ni kíkọ́ ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì àti títa ẹ̀rọ rẹ̀. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹni tó ń ta ẹ̀rọ bá tún jókòó láàárín àwọn tó fẹ́ ra ẹ̀rọ, ó yẹ kí ẹnì kan wà nínú yàrá tí yóò sọ pé, "Bàbá, ẹ jáde díẹ̀ ná, ká lè sọ̀rọ̀ lórí iye owó." Irú ìbéèrè yìí le fún ẹni tí wọ́n kàn yàn kó lè máa gba owó ìpàdé.

Iléeṣẹ́ Onígbòlò kò kú o. Ní 1999, SCB-Lafarge gbà á, àjọni Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà sì di ìtàn níbẹ̀.

Ti Ṣábẹ tún ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Níbẹ̀, nínú Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà, kò sí èyí tí ìpín rẹ̀ dé ìdajì. Iléeṣẹ́ Lonrho láti ìlú Lọ́ńdọ̀nù ló mú èyí tó kù, ìpín 5 péré nínú 100. Àwa tí a ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ọjọ́ tí àwọn ńlá méjì bá jọ gbà, ìpín 5 kò já mọ́ nǹkan. Ọjọ́ tí wọ́n bá jà, ẹni kékeré yẹn ni yóò sọ ibi tí ọ̀rọ̀ máa wọ̀. Tí ọmọ méjì bá ń du ilẹ̀ bàbá wọn, tí wọ́n wá ní kí àlejò tó háyà yàrá kan dìbò, ta ló ni ilé náà lọ́jọ́ yẹn? A ò sọ pé Lonrho ṣe ibi. A ń sọ pé àwọn tó kọ ìwé ìpín yẹn ló fi agbára síbi tí wọn ò rò.

Ìrèké Ṣábẹ kò so èrè tí wọ́n retí. Láti 2003, Complant, iléeṣẹ́ àwọn ará Ṣáínà, ló háyà rẹ̀, tó wá ń jẹ́ SUCOBE. Ẹ fi ọkàn sí i pé háyà ni, títà kọ́. Ìyẹn ni pé lẹ́yìn ẹni tó ń lọ ìrèké, àwọn tó ni ilé ṣì wà. Iṣẹ́ ìgbìmọ̀ kì í parí nítorí pé ayálégbé ti dé. Ẹni tó háyà ilé gbọ́dọ̀ máa wọlé lọ wò ó bóyá òrùlé ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin ará Tógò, ẹ má rò pé Bẹ̀nẹ̀ nìkan là ń bá wí. CIMAO ńkọ́, ní Tabligbo? Tógò, Gánà àti Côte d'Ivoire ló jọ dá a sílẹ̀ kí wọ́n lè máa ṣe clinker, ìyẹn èyí tí wọ́n á tún lọ̀ kó tó di sìmẹ́ńtì. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1980. Ní 1984, wọ́n tì í pa. Ọdún mẹ́rin péré! Clinker Tabligbo wọ́n, àwọn ilé ìlọsìmẹ́ńtì tó wà ní orílẹ̀-èdè àwọn tó ni ín sì lè rí èyí tó dínwó rà láti ibòmíràn. Nínú yàrá ìgbìmọ̀, ẹni náà ni onílé, òun náà ni oníbàárà. Gẹ́gẹ́ bí onílé, ó fẹ́ kí ọjà wọ́n díẹ̀ kí iléeṣẹ́ lè san gbèsè. Gẹ́gẹ́ bí oníbàárà, ó fẹ́ kó dínwó. Fìlà méjì kì í gbé orí kan. Bí wọn ò bá kọ ọ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní iye tí olúkúlùkù máa rà, ní iye owó wo, àti ìyà tó wà fún ẹni tó bá kọ̀, ìgbìmọ̀ yóò kàn máa jókòó láti ka èrè tí kò sí. Wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà, gbèsè rẹ̀ kò tì.

Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ pé àwa ń wí pé àjọni kò lè dára láàárín orílẹ̀-èdè wa. Communauté Électrique du Bénin, tí gbogbo wa mọ̀ sí CEB, Tógò àti Dahomey ló dá a sílẹ̀ ní 1968. Ìjọba yí padà níhìn-ín, ó yí padà lọ́hùn-ún, wọ́n bínú síra wọn, wọ́n ti bọ́dà mọ́ra wọn rí, iná sì ń wá. Omi Nangbéto, tí kò jìnnà sí àwọn ará wa tó wà ní Atakpamé, bẹ̀rẹ̀ sí í fúnni níná láti 1987 lábẹ́ CEB yìí kan náà. Kí ló mú un dúró? Apá kan ni pé kò sí ẹni tó lè dá wà nígbà náà láìsí ẹnì kejì. Apá kejì ni ohun tí a fẹ́ tẹnu mọ́. Lókè ìgbìmọ̀ alákòóso CEB, wọ́n fi ìgbìmọ̀ gíga kan sí, ti àwọn mínísítà orílẹ̀-èdè méjèèjì. Ọ̀rọ̀ tó bá ju agbára ìgbìmọ̀ lọ ní ibi tó máa gbà lọ. Àkàbà wà níbẹ̀. A mọ̀ pé CEB náà ní ìṣòro tirẹ̀, iná ń lọ, gbèsè ń pọ̀, agbára rẹ̀ àtijọ́ sì ti dínkù. Ṣùgbọ́n ẹ fi iye ọdún tó lò wé ọdún mẹ́rin CIMAO.

Òfin wa lónìí kò burú ní ti ọ̀rọ̀ yìí. Òfin OHADA lórí iléeṣẹ́, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Kútọnu ní 1997 tí wọ́n sì tún ṣe ní 2014, ló ń darí Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò. Fún société anonyme tó ní ìgbìmọ̀ alákòóso, ó ní kí èèyàn inú rẹ̀ má dín ní mẹ́ta, kó má ju méjìlá lọ, àfi èyí tó bá ń ta ìpín lórí ọjà ìdókòwò. Ìpàdé kò fìdí múlẹ̀ bí ìdajì wọn ò bá wá. Bí iléeṣẹ́ bá fẹ́ bá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ tiwọn ṣòwò, ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún un ní àṣẹ, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn kò sì ní dìbò sí i. Ó tún sọ pé bí ìbò bá dọ́gba, ohùn alága ló máa borí, àyàfi tí ìwé òfin iléeṣẹ́ fúnra rẹ̀ bá sọ nǹkan mìíràn.

Ẹ dúró díẹ̀ níbi ohùn alága yẹn. Wọn yóò wá bá wa lọ́la, wọn yóò ní, "Ìdajì ni tiwa, ìdajì ni tiyín, kò sí ẹni tó ju ẹnì kan lọ." Gbogbo èèyàn á pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé àwọn ló ń yan alága títí ayé, tí ìwé iléeṣẹ́ kò sì mú ohùn kejì yẹn kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ìdajì ti pọ̀ ju ìdajì lọ. Ọ̀rọ̀ kékeré kan nínú ìwé tó nípọn bí Bíbélì ni, òun ló sì ń pinnu.

Nàìjíríà kò sí nínú OHADA. Bí a bá tún fẹ́ bá wọn dá nǹkan sílẹ̀, bí ọgbọ́n 1975 ṣe rí, òfin méjì ló máa pàdé lójú bọ́dà, a sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú ilé ẹjọ́ tàbí ìgbìmọ̀ onílàjà tí a máa lọ. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé títi bọ́dà jẹ́ ọ̀rọ̀ àtijọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba Ìgòlò àti Ìlárá kọjá, ẹ rántí oṣù kẹjọ 2019 sí oṣù kejìlá 2020.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká dé orí ọ̀rọ̀ tó máa bí àwọn kan nínú. Lójoojúmọ́ ni àwọn ọ̀dọ́ wa ń kọ ọ́ pé kí wọ́n fi ọmọ bíbí ìlú sínú ìgbìmọ̀ gbogbo iléeṣẹ́ tó bá wà lórí ilẹ̀ wa. A mọ ohun tó ń dùn wọ́n. Ilẹ̀ bàbá wọn ni wọ́n ń gbẹ́, eruku rẹ̀ ni wọ́n ń fà símú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa ní ohun kan. Àga kan láàárín méjìlá, ìbò mélòó nìyẹn? Òfin tún de ọmọ ìgbìmọ̀ láti pa ọ̀rọ̀ tí alága bá pè ní àṣírí mọ́. Ọmọ wa yóò wọlé, yóò gbọ́, kò sì ní lè sọ fún wa. Lẹ́yìn ọdún méjì a ó máa pè é ní ọ̀dàlẹ̀, òun náà á máa pe àwa ní aláìmoore. A ti rí olórí ẹbí tó dé ìdí ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ò gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Ohun tí àwa rò pé ó wúlò ju àga lọ ni kí kómínì bá iléeṣẹ́ kọ ìwé tó dá dúró, ìwé tí kò sí lábẹ́ àṣírí ìgbìmọ̀: omi, eruku, ọ̀nà, iye ọmọ tí wọn yóò kọ́ níṣẹ́ ọwọ́, àti ìgbìmọ̀ olùtọpinpin kan tí èèyàn kómínì wà nínú rẹ̀, tó gbọ́dọ̀ jókòó ní gbangba lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, tí wọn yóò sì sọ̀rọ̀ ní Yorùbá. Àga inú ìgbìmọ̀ iléeṣẹ́, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ ìwé ìṣirò iléeṣẹ́ kà jókòó síbẹ̀, ìbáà jẹ́ ọmọ Pọ̀bẹ̀ tàbí ọmọ Parakou. Ọmọ ìlú tí kò lè ka bilan, àwọn tó wà níbẹ̀ yóò kan rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, wọn á fún un ní omi tútù, wọn á ní kó fọwọ́ sí ìwé.

Nǹkan mìíràn tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni pé ìwé òfin iléeṣẹ́ kì í ṣe awo. OHADA ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ òwò tó wà ní ilé ẹjọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní RCCM, ẹni tó bá sì fẹ́ lè lọ béèrè rẹ̀. Inú rẹ̀ ni ẹ ó ti rí iye tí olúkúlùkù ní, bí wọ́n ṣe ń yan alága, ohun tí wọn ò lè ṣe àyàfi tí ìbò bá ju ìdajì lọ dáadáa, àti ibi tí ìjà máa lọ. Faransé rẹ̀ le, àwa náà mọ̀. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tó gbọ́ Faransé pọ̀ ní Kétu, ní Pọ̀bẹ̀, ní Ṣábẹ àti ní Àjàṣẹ́. Ẹni tó bá rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ gbà, kó gbé e wá. A ó jókòó tì í lọ́jọ́ Sátidé kan, a ó kà á sí Yorùbá láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìparí, a ó sì kọ ọ́ síbí yìí kí gbogbo ilé lè rí i.